Ìgò Oògùn Tó Ń Sọ̀rọ̀

Àbúrò mi pè mí láti Àkúrẹ́ ní Sátidé tó kọjá. Mo ní àárò ilé ń sọ mí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ìgò oògùn pàápàá ń bá yín sọ̀rọ̀ níbẹ̀ yẹn. Kí lẹ tún ń wá?" Ọ̀rọ̀ náà dùn mí dé ọkàn.

Òótọ́ ni, ìgò ń sọ̀rọ̀. Glaucoma, àrùn ojú kan, ló gba ojú lọ́wọ́ ìyá wa, òun náà ló ń gba tèmi díẹ̀díẹ̀. Ní Amẹ́ríkà níbí, ilé oògùn lẹ nǹkan pẹlẹbẹ kan mọ́ ìdí ìgò. Bí mo bá gbé e lé ẹ̀rọ kékeré kan, ohùn obìnrin á ka orúkọ mi, orúkọ oògùn àti bí màá ṣe lò ó. Wọn ò gba kọ́bọ̀ lé e.

Àmọ́ àbúrò mi rò pé bí èèyàn bá ṣe ń bọ́ọ́lẹ̀ nínú bàálù ni wọ́n ń fún un ní ẹ̀rọ náà. Òfin kan tí wọ́n ṣe ní 2012 ló ní kí U.S. Access Board, àjọ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ aláàbọ̀ ara, kó àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn jọ. Ní 2013 wọ́n sọ bó ṣe yẹ kí ilé oògùn jẹ́ kí ẹni tí kò ríran mọ ohun tó wà lára ìgò: lẹ́tà gàdàgbà tí kò kéré sí ìwọ̀n 18, tàbí Braille tí afọ́jú ń fi ọwọ́ kà, tàbí ohùn. Àbá lásán ni, kì í ṣe dandan. Ilé oògùn tí mo kọ́kọ́ lọ ní àwọn ò ní in. Mo pè wọ́n títí, ẹ̀rọ ló ń ní kí n tẹ ọ̀kan, kí n tẹ èjì. Ìgò mẹ́rin ló wà lórí tábìlì mi nígbà yẹn, ike aláwọ̀ ọsàn ni gbogbo wọn, ìdérí kan náà. Mo fi rọ́bà sàmì sí wọn: rọ́bà kan fún ti àárọ̀, méjì fún ti alẹ́. Lálẹ́ ọjọ́ kan, rọ́bà kan já. Mo lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lẹ́ẹ̀mejì. Òòyì kọ́ mi, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ balùwẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́. Ọdún kẹfà mi nínú ilé yẹn nìyẹn, mi ò mọ orúkọ ẹni tó wà lẹ́yìn ògiri.

L'Árákàlẹ̀ ní Àkúrẹ́ ńkọ́? Ẹ mọ̀ ọ́n. Oníkẹ́mísìtì á da hóró oògùn sínú ọ̀rá kékeré, á fi báírò fa igi mẹ́ta sí i lára: ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́. Ìyá mi kò rí igi náà, ṣùgbọ́n ọmọ ẹnikẹ́ni tó bá ń kọjá ló ń pè. "Ọmọ mi, wá bá mi wo èyí." Ọmọ náà á kà á, á kó oògùn náà lé e lọ́wọ́, á ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, màmá." Ohùn inú ẹ̀rọ mi kò kí mi pẹ̀lẹ́ rí. Èyí ni mò ń wá, àbúrò mi.

Síbẹ̀, mi ò ní padà báyìí. Ní January 2019 ni wọ́n fọwọ́ sí òfin tó ní kí ẹnikẹ́ni má dẹ́yẹ sí aláàbọ̀ ara ní Nàìjíríà, inú mi sì dùn sí i. Àmọ́ nígbà tí mo wálé kẹ́yìn, igi mẹ́ta náà ṣì ni wọ́n fà sára ọ̀rá tèmi.

Mo sì rántí àwọn àárọ̀ tí a sáré lọ síléèwé láì bá ìyá wa wo oògùn. Ìgò kékeré méjì ló ní, ọ̀kan fún àárọ̀ àti alẹ́, èkejì fún alẹ́ nìkan, ọwọ́ kò sì lè mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Bí a bá dé laago méjì ọ̀sán, a ó bá a lórí àga níwájú ilé, ìgò méjèèjì nínú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, á ní, "Ṣé ẹ ti dé?"