Òkúta Mull: òòfà tuntun ti gbà, ó ti kúrò lára òkúta

Ó ti bọ́ sí i o! Ẹ̀rọ tí mo ń kan láti fi mọ ibi tí òòfà àtijọ́ inú òkúta Mull, erékùṣù kan ní Scotland, kọjú sí ti ṣiṣẹ́. Òkúta kẹta nà sókè lálẹ́ yìí, ìyẹn ni pé ọfà tó ń tọ́ka ìdarí òòfà rẹ̀ kọjú sókè. Mo yọ ọ́ kúrò, mo dorí ẹ̀ kodò, mo tún un wọ̀n, ibi kan náà ló nà sí lára òkúta. Ẹ jẹ́ kí n yára kọ ọ́ kí oorun tó gbé mi lọ.

Ẹ̀rọ tó ń yí òkúta ti parí. Mọ́tò ti jìnnà sí sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn òòfà, ọ̀pá onígi àti bẹ́líìtì rọ́bà ló ń gbé e yí, gbogbo síkúrù rẹ̀ sì jẹ́ idẹ. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé síkúrù tí wọ́n bá ní kì í dípẹtà: mo fi òòfà kan án lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tó lẹ̀ mọ́ ọn pọ̀ ju èyí tí kò lẹ̀ lọ.

Ibi fífọ òkúta ni wàhálà wà. Iná abẹ́ ilẹ̀ ló tú àpáta dúdú Mull jáde ní nǹkan bí mílíọ̀nù 60 ọdún sẹ́yìn, lásìkò tí àríwá òòfà ayé wà ní gúúsù. Bó ṣe tutù, èérún magnetite inú rẹ̀, tí kì í di òòfà mú bí ìgbóná bá ju 580°C lọ, gba ìdarí ìgbà náà, ó sì há a sínú. Àwọn onímọ̀ ti wọn àpáta yìí tipẹ́. Ìdí tí mo fi yàn án nìyẹn: ẹ̀rọ mi gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí ohun tí a ti mọ̀ kí n tó gbé e lọ síbi tí ẹnikẹ́ni ò tíì mọ̀. Àmọ́ láti nǹkan bí 773,000 ọdún sẹ́yìn tí àríwá ti padà sí ipò tó wà lónìí, agbára òòfà òde òní ti ń wọ ara òkúta náà díẹ̀díẹ̀. Òun la gbọ́dọ̀ fọ̀ dànù.

Ní Scotland níbí, òòfà ayé ń dorí kọlẹ̀ ní ìwọ̀n bí 70°, nítorí náà, bí mo bá ti sàmì sí ojú òkè òkúta kí n tó gé e, ó tó. Èyí tó bá nà sílẹ̀, ti òde òní ni. Èyí tó bá nà sókè, olódì ni, ti ìgbà tí àríwá wà ní gúúsù. Ká ní Òṣogbo ni mo wà, òòfà ayé fẹ́rẹ̀ẹ́ sùn gbalaja níbẹ̀, òkè tàbí ilẹ̀ ò ní sọ nǹkan kan fún mi, àfi kí n mọ àríwá gan-an. Kọ́ńpáàsì ò sì ṣeé gbára lé lórí àpáta tó lóòfà, oòrùn ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n. Oòrùn Mull kẹ̀? Ẹ má jẹ̀ẹ́ n sọ̀rọ̀.

Ẹ ti mọ bí kọ́ìlì, wáyà tí a ká láti fi fọ òkúta, ṣe ń ṣiṣẹ́: iná ń dà síwá dà sẹ́yìn nígbà 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, mo gbé e dé 20 mT (millitesla, ìwọ̀n agbára òòfà), mo wá ń rọra fi Variac, ẹ̀rọ tó ń gbé iná sókè sódò, dín in kù títí dé òdo, kí àwọn èérún tí kò lágbára gbàgbé ibi tí wọ́n kọjú sí. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé òkúta ń jáde pẹ̀lú ọfà tó nà tẹ̀ lé kọ́ìlì. Mo yí òkúta sí ẹ̀gbẹ́, mo tún un fọ̀, ọfà ò bá òkúta yí. Òkúta ò sọ tiẹ̀ mọ́, ọ̀rọ̀ kọ́ìlì ló ń gbà sọ.

Òòfà ayé ni mo kọ́kọ́ fura sí. Ó tó 50,000 nT ní Glasgow (nanotesla, mílíọ̀nù kan rẹ̀ ló wà nínú mT kan), bẹ́ẹ̀ òkúta kan lẹ́bàá sẹ́ńsọ̀ mi ò mú ju nǹkan bí 100 wá. Bí díẹ̀ nínú ti ayé bá wọlé nígbà tí èérún ń gbàgbé, ibẹ̀ ni gbogbo wọn á tẹ̀ sí. Ni mo bá ra páìpù mu-metal, irin tó ń dí òòfà lọ́nà, láti fi bo kọ́ìlì. Ẹni tó tà á búra. Mo ti sẹ́ńsọ̀ bọ inú rẹ̀, kò gé òòfà ayé sí ìdajì pàápàá! Irin yẹn, bí wọ́n bá ti lù ú tàbí tẹ̀ ẹ́ láìtún yan án nínú iná, iṣẹ́ rẹ̀ ti bàjẹ́. Ìbòrí inú oscilloscope àtijọ́, ẹ̀rọ tó ń ya bí iná ṣe ń lọ sójú rẹ̀, ni kí ẹ máa wá, ó ti wà ní bó ṣe yẹ. Mo rí ọ̀kan, mo fi bò ó. Kò yí padà!

Ó wá ku Variac. Búrọ́ọ̀ṣì inú rẹ̀ ń fò láti wáyà kan bọ́ sórí òmíràn ni. Nígbà tí mo wò ó lójú oscilloscope, iná náà ń ṣẹ́ láàárín ìyípo, apá kan ga ju èkejì lọ. Mo ti ra kàpásítọ̀ láti kan nǹkan mìíràn tó máa dín iná kù, àfi bí mo ṣe rántí àwọn tó ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe nílé láyé ìgbà tí tẹlifíṣọ̀n ṣì nídìí ńlá. Bí sípíkà bá ti fi àbàwọ́n elésè àlùkò sójú rẹ̀, wọ́n á gbé kọ́ìlì rìbìtì síwájú rẹ̀, wọ́n á fi yípo, wọ́n á wá máa fẹ̀yìn rìn títí dẹ́nu ọ̀nà kí wọ́n tó paná. Wọn kì í dín iná kù rárá, wọ́n ń jìnnà ni.

Mo pa ètò kàpásítọ̀ tì. Mo kan ojú irin onígi tó kọjú sí ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn ti kọ́ńpáàsì, kí òòfà ayé má lè gba ojú kọ́ìlì kọjá, mo gbé e sáàárín kọ́ìlì ńlá Helmholtz, kọ́ìlì méjì tó kọjú síra, tí a ti kan tẹ́lẹ̀ kó pa ìyókù. Iná dúró gangan lórí ìwọ̀n tí mo bá yàn, mo wá ń fi okùn fa òkúta jáde wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ní 10 mT ọfà ṣì fẹ́rẹ̀ẹ́ sùn. Ní 15 ó ti gbórí. Ní 20 ó nà sókè pátápátá. Ní 30 ó kàn kéré sí i ni, kò kúrò lójú kan.

Ẹ̀gbọ́n kan bi mí bóyá ọjọ́ orí òkúta nìyẹn. Rárá o. Olódì nìkan ò sọ ọjọ́ orí, ó lè jẹ́ ìgbà èyíkéyìí tí àríwá wà ní gúúsù. Ìpele lórí ìpele, olódì àti aláìlódì, ni a ń tò ká tó fi bá àtòjọ ayé mu. Àwọn òkúta tí Cox, Doell àti Dalrymple, àwọn onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, fi potassium-argon (bí potassium inú òkúta ṣe ń di argon díẹ̀díẹ̀) mọ ọjọ́ orí wọn láti 1963 ni ìpìlẹ̀ àtòjọ náà.

Òkúta kejì ṣì ń nà sílẹ̀, agbára rẹ̀ sì ju ti àwọn yòókù lọ fíìfíì. Orí ṣóńṣó òkè ni mo ti gé e, mo fura pé mànàmáná ti bà á rí, ẹdùn àrá lójú ẹ̀rọ. Mo máa lọ wá òmíràn nísàlẹ̀, létí òkun. Ẹrẹ̀ adágún Loch Lomond tí mo ṣèlérí di ẹ̀yìn, òòfà inú ẹrẹ̀ kéré gan-an sí ti àpáta yìí, sẹ́ńsọ̀ mi ò tíì gbé e. Ẹni tó bá ń kan ampilifáyà ní Glasgow, ẹ wá gbé kàpásítọ̀ lọ́wọ́ mi.