Bí Mo Ṣe Pààrọ̀ Sípíríǹgì Ẹ̀yìn Píkọ́ọ̀pù Mi

Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù Peugeot 504 mi, èyí tí mo fi ń kó gbágùúdá àti kaṣú láti agbègbè Ìkòyí-Ilé wá sí Ògbómọ̀ṣọ́, ti ń wọlẹ̀. Bí a bá ti kó àpò mẹ́wàá péré sí i, iwájú rẹ̀ a nà sókè, iná rẹ̀ a sì máa tàn sí ewé igi dípò ojú títì. Gbogbo gegele tí a bá gùn ni ákísù, irin tí ó so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀, ń gbá sáàṣíì, ìyẹn egungun ọkọ̀, gbì, títí tí rọ́bà tí ó yẹ kí ó gba ìyẹn mọ́ra fi já dànù.

Ẹ̀bi mi pọ̀ nínú ọ̀ràn yìí. Ní ọdún tó kọjá, nígbà tí sípíríǹgì náà kọ́kọ́ dẹ̀, n kò pààrọ̀ rẹ̀. Mo ní kí wọ́n fi irin kan kún ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, nítorí pé ìyẹn kò ná mi lówó púpọ̀. Irin pẹlẹbẹ tí wọ́n tẹ̀ bí ọrun, tí wọ́n tò lé ara wọn, ni sípíríǹgì yìí, gbogbo wọn ni ó sì yẹ kí ó jọ gbé ẹrù. Bí àwọn àtijọ́ bá ti tẹ́, tí a wá ki tuntun kan tí ó le bọ àárín wọn, òun ni yóò máa gbé èyí tí ó pọ̀ jù. Bí mo bá wá ń padà lọ sóko lófìfo, ọkọ̀ náà a máa tọ bí ọ̀pọ̀lọ́.

Ìgbà tí a tú ti apá òsì ni mo tó rí i pé irin tí ó gùn jù, èyí tí ó ní ihò roboto tí à ń pè ní ojú ní orí méjèèjì, ti kán síbi ihò àárín tí bóòtì gbà kọjá. Ìpẹtà ti bo ìlàjì ojú ibi tí ó kán, ìlàjì yòókù sì ń dán: ó ti sán tipẹ́ kí ó tó já. Ọ̀gá mẹkáníìkì fọwọ́ kan yúbóòtì, bóòtì tí wọ́n tẹ̀ bí lẹ́tà U tí ó ń de sípíríǹgì mọ́ ákísù, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ibí lọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ó ti dẹ̀. Sípíríǹgì tí a kò bá dè mọ́ ákísù gírígírí, àárín rẹ̀ ni yóò ti ṣẹ́.” Ó ní kí a pààrọ̀ ti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí ọkọ̀ má baà fẹ̀gbẹ́ rìn, kí a sì ra yúbóòtì tuntun, nítorí pé èyí tí a ti fún rí ti nà. Láti 1975 tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í to 504 ní Kàdúná, ọkọ̀ yìí ti pọ̀ nílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀yà ara rẹ̀ kò ṣòro í rí.

A fi òkúta há táyà iwájú, a gbé sáàṣíì lé orí igi ńlá, a sì fi jáàkì kejì gbé ákísù ró. Bóòtì ẹ̀yìn kan ṣoṣo ni ó gba òwúrọ̀ wa. Ó ti lẹ̀ mọ́ inú búṣì, ìyẹn òrùka onírọ́bà tí ó wà nínú ojú sípíríǹgì. Kẹrosíìnì tí a ti dà sí i láti alẹ́ kò ràn án, òòlù kò ràn án, àfìgbà tí a fi iná jó rọ́bà inú rẹ̀, tí òórùn rẹ̀ lé àwọn aládùúgbò wọlé.

Nígbà tí a ń tò ó padà, ọmọ iṣẹ́ fẹ́ fún bóòtì búṣì pa nígbà tí ọkọ̀ ṣì wà lókè, ọ̀gá rẹ̀ sì jágbe mọ́ ọn. Bí a bá fún un lókè, rọ́bà náà yóò lọ́ nígbà tí ọkọ̀ bá sọ̀kalẹ̀, kò sì ní pẹ́ ya. Orí bóòtì àárín ni a kọ́kọ́ jẹ́ kí ó wọ ihò rẹ̀ lórí ákísù; lẹ́yìn náà ni a fún yúbóòtì díẹ̀díẹ̀, láti igun dé igun, kí a tó gbé ọkọ̀ sílẹ̀ láti fún ti búṣì.

Alágbẹ̀dẹ kan ni ó ra àwọn irin àtijọ́. Ó ní àdá àti ọkọ́ ni yóò fi rọ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, mo padà lọ kí wọ́n tún yúbóòtì wò, nọ́ọ̀tì méjì lápá òsì sì ṣì gba ìlàjì yíyí.