Ará Róòmù tó yọ lójú omi ní Japan

Lálẹ́ àná, àbúrò mi ní kí n bá òun wá ánímè (eré àwòrán ilẹ̀ Japan) kan tí kò ní jẹ́ ìjà ṣáá. Mo ṣí Thermae Romae fún un. Ẹ̀yin èèyàn mi, a ò tètè sùn!

Lucius ń ya àwòrán ilé ìwẹ̀ ní Róòmù láyé ọba Hadrian. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ri sínú omi, ló bá yọ sáàárín àwọn bàbá arúgbó ní ilé ìwẹ̀ Japan òde òní. Ibi tó ti gbé ìgò mílíìkì tútù sẹ́nu, tí ojú rẹ̀ ranjú, ni àbúrò mi ti kígbe pé kí n dá a padà sẹ́yìn. Ẹ̀ẹ̀mẹta la wò ó! Ohun tó bá rí lọ́hùn-ún ló ń gbé lọ sílé lọ fi kọ́ ilé ìwẹ̀ tuntun. Mari Yamazaki tó kọ ìtàn náà ti gbé Ítálì rí, ó sì hàn.

Bí ẹ bá wo ìyẹn tán, ẹ wá Ya Boy Kongming! ti 2022. Zhuge Liang, ọlọ́gbọ́n ogun ilẹ̀ Ṣáínà tó kú ní 234, ló jí ní Shibuya, àdúgbò kan ní Tokyo òde òní, tó ń fi ọgbọ́n ogun gbé ọmọbìnrin olórin kan ga. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, torí wọn ò fi bàbá náà ṣe yẹ̀yẹ́. Nobunaga Concerto náà wà: ọmọ ilé ìwé kan bá ara rẹ̀ ní 1549, ó sì di dandan kó máa ṣe bí Oda Nobunaga, olórí ogun ilẹ̀ Japan láyé àtijọ́.

Ta ló tún mọ irú ẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún wa.