Ẹ̀gbọ́n Tí Kì Í Ṣe Ẹ̀gbọ́n

Ọjọ́ Àìkú

Aago méjì òru ti kọjá kí n tó pa ìwé náà dé lánàá. Orí kan ṣoṣo ni mo ní mo fẹ́ kà kí n tó sùn. Irọ́ ni mo ń pa fún ara mi. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló fún mi ní ìwé yìí lóṣù tó kọjá, ó ní, "Kà á o, wàá sunkún." Mi ò sunkún. Inú ló bí mi.

Ìtàn ìfẹ́ ni, ti ìgbà Ogun Àgbáyé Kejì nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọbìnrin ẹni ogún ọdún kan ń ṣiṣẹ́ ní Bletchley Park, níbi tí wọ́n ti ń tú àdììtú ọ̀rọ̀ tí àwọn ọmọ ogun Jámánì ń fi ẹ̀rọ Enigma dì. Ó pàdé ọmọ Amẹ́ríkà kan tó ń wa bàálù ogun. Ẹ ti mọ ìyókù: ijó, ìlú tó ṣókùnkùn biribiri torí pé iná ò gbọdọ̀ yọ lójú fèrèsé lálẹ́, ìlérí, bàálù tí kò padà wálé. Oyún ti wà nínú rẹ̀. Àwọn òbí rẹ̀ gbé e pamọ́ títí ó fi bímọ lọ́dún 1944, ìyá rẹ̀ sì gba ọmọ náà, ó ní òun lòun bí i. Bí ìyá ọmọ ṣe di ẹ̀gbọ́n ọmọ nìyẹn.

Òǹkọ̀wé ò sọ àsọdùn níbí. Ọ̀pọ̀ ìdílé ló ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà náà kí ojú má baà tì wọ́n. Ṣùgbọ́n bí Gẹ̀ẹ́sì ti rí, orúkọ gan-an ni ọmọ yẹn fi ń pe "ẹ̀gbọ́n" rẹ̀. Èmi ò lè kà á bẹ́ẹ̀. Níbi tó bá ti dárúkọ rẹ̀, "ẹ̀gbọ́n mi" ni mò ń gbọ́ létí, ó sì túbọ̀ ń dùn mí.

Ohun tó bí mi nínú ni lẹ́tà tó wà nígbẹ̀yìn ìwé. Ẹ̀gbọ́n kú, ọmọ ti lé lọ́gọ́ta ọdún, ó ń kó ẹrù ilé, ó rí agolo kan, lẹ́tà olójú-ewé mọ́kànlá wà nínú rẹ̀, gbogbo àṣírí sì tú pátá, lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń ka ẹjọ́. Ta ló ń kọ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀? Òǹkọ̀wé kan náà ló fi lẹ́tà gidi hàn wá ní ìdajì ìwé. Ọ̀gá ṣọ́jà ló máa ń kọ́kọ́ ka lẹ́tà àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ nígbà ogun, ibi tí wọ́n bá dárúkọ ìlú, á gé e kúrò. Lẹ́tà ọmọ Amẹ́ríkà yẹn ní ihò mẹ́ta. Ọmọbìnrin náà gbé e sókè síwájú iná, ó ń wo yàrá rẹ̀ láti inú ihò tí orúkọ ìlú kan wà tẹ́lẹ̀. Ẹni tó lè kọ ìyẹn, kí ló ń fi ojú-ewé mọ́kànlá ṣe?

Ó kúkú ní ohun tó dára jù ú lọ lọ́wọ́. Láti ọdún 1947 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti ń fúnni ní ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí kúkúrú, èyí tí kò sí orúkọ òbí nínú rẹ̀, kí wọ́n má baà máa fi ìwé dójú ti ọmọ tí wọn ò bí sílé ọkọ. Ìwé yẹn ni ọmọ náà fi ń ṣe gbogbo nǹkan látilẹ̀wá. Nígbà tó béèrè fún èyí tó gùn, orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló wà níbi orúkọ ìyá, ilà gbọọrọ kan ló wà níbi ti bàbá. Ìdajì ojú-ewé péré ni wọ́n fi sọ èyí!

Mo gbóríyìn fún òǹkọ̀wé lórí aṣọ, ṣá. Láti oṣù kẹfà ọdún 1941 ni wọ́n ti ń fi kúpọ́ọ̀nù wọn aṣọ fún aráàlú: 66 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́dún àkọ́kọ́, ẹ̀wù onírun àgùntàn kan ṣoṣo a sì gbé 11 lọ. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń rán aṣọ ìgbéyàwó látara sílíìkì tí àwọn awakọ̀ òfurufú fi ń já bọ́ láti ojú ọ̀run. Ọmọbìnrin yìí rán tirẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí ìgbéyàwó ò wáyé, ó gé e, ó fi rán ẹ̀wù ọmọ.

Ohun tí mo rò ṣáá lórí ibùsùn ni Bletchley. Níbẹ̀rẹ̀ ọdún 1945, nǹkan bí 9,000 èèyàn ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, mẹ́ta nínú mẹ́rin wọn jẹ́ obìnrin. Gbogbo wọn ló tọwọ́ bọ̀wé pé àwọn ò ní sọ. Ọdún 1974 ni ọ̀rọ̀ náà tó jáde síta dáadáa, àwọn mìíràn sì ti ṣìnkú òbí wọn láìsọ fún wọn. Ìjọba ló kọ́kọ́ kọ́ ọmọbìnrin yìí bí a ti ń jókòó síwájú olólùfẹ́ ẹni kí á sì pa ẹnu mọ́. Ó mọ̀ ọ́n ṣe kó tó bímọ. Lọ́dún 1974 wọ́n tú u sílẹ̀ nínú àṣírí èkíní. Ta ló máa tú u sílẹ̀ nínú èkejì? Ọmọ rẹ̀ ti pé ọgbọ̀n ọdún nígbà yẹn, ì bá bi í pé, "Kí ló tún kù?" Ọdún yẹn gan-an ni òǹkọ̀wé fò kọjá. Ìwà ọ̀lẹ ni mo pè é.

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi láàárọ̀ yìí. "Ẹ káàárọ̀ o. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kì í ṣe ẹ̀yin lẹ bí mi báyìí?"

"Ọdún mẹ́rin ni mo fi jù ẹ́ lọ. Ṣé o sùn rárá?" Ó rẹ́rìn-ín, ó wá ní, "Ṣé o rí ibi bọ́tìnnì?"

"Bọ́tìnnì wo?"

"Ehn, padà lọ kà á."

Mo padà. Ìbẹ̀rẹ̀ ìwé ni, mo ti sáré kọjá níbẹ̀ torí mo rò pé wọ́n kàn fi ń fa ìwé gùn ni. Ibùdókọ̀ ojú irin, òtútù. Ẹ̀gbọ́n fẹ́ padà síbi iṣẹ́, ọmọ jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń de bọ́tìnnì kóòtù fún un. Ọkọ̀ ti fun fèrè. Ó de ìkẹyìn tán, ó rí i pé òun ti fo ihò kan, ó sì tú gbogbo rẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀.