Bí mo ṣe mú àlejò rìn ní Abẹ́òkúta

Ní Sátidé tó kọjá, àbúrò ìyàwó mi tó ń gbé ní Kánò wá kí wa ní Abẹ́òkúta, ó sì ní kí n mú òun rí ìlú kí ilẹ̀ tó ṣú. Òkè Olúmọ ni a kọ́kọ́ gùn, torí pé ẹni tí kò bá tíì dé abẹ́ àpáta tí àwọn Ẹ̀gbá sá sí ní 1830, nígbà tí Ṣódẹkẹ́ ṣíwájú wọn, kò tíì mọ ìdí tí ìlú yìí fi ń jẹ́ Abẹ́ Òkúta. Mo fi àwọn kòtò tí àwọn obìnrin ìgbà náà ti ń lọ nǹkan hàn án nínú àpáta. Ó ki ọwọ́ bọ ọ̀kan, ó sì dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀.

Láti ibẹ̀ a sọ̀ kalẹ̀ sí ọjà Ìtòkú, níbi tí òórùn aró ti ń pàdé ènìyàn kó tó rí aṣọ àdìrẹ. (Iye tí wọ́n bá kọ́kọ́ dá lé e, ẹ má san án o, ẹ rọra ná an.)

Ìrẹsì ọ̀fàdà ni àlejò sábà máa ń béèrè, ó sì dùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n láfún ni mo ní kí wọ́n bù fún un, funfun báláú, tí èéfín ṣì ń rú lórí rẹ̀, pẹ̀lú ewédú àti ẹja tútù. Ó kọ́kọ́ fajú ro. Nígbà tó yá, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kí wọ́n tún bù sí i."