Ṣírí ọkà ọwọ́ Demeter: bí iṣẹ́ amọ̀ náà ṣe ń lọ

Ọ̀sẹ̀ kìíní: ìwọ̀n

Pátákó amọ̀ tí àwòrán yọ lójú rẹ̀ là ń ṣe. Òkúta mábù gbígbẹ́ tí à ń wò ṣe é wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba Gíríìsì ní Áténì. Eleusis, ìlú kan nítòsí Áténì, ni wọ́n ti rí i ní 1859, wọ́n sì ti gbẹ́ ẹ láti nǹkan bí ọdún 440 sí 430 ṣáájú ìbí Kírísítì. Ó ga ní mítà 2.20, ó fẹ̀ ní mítà 1.52. Demeter, òòṣà obìnrin tó ni ọkà, dúró lápá òsì pẹ̀lú ọ̀pá àṣẹ. Persephone ọmọ rẹ̀ wà lápá ọ̀tún, ó mú ògùṣọ̀ gígùn dání. Ọmọkùnrin tó wà láàárín wọn, ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé Triptolemos ni, ẹni tí Demeter rán kó lọ kọ́ aráyé ní iṣẹ́ oko.

Ìdá kan nínú márùn-ún ni tiwa: sẹ̀ǹtímítà 44 sí 30.4. Ṣùgbọ́n amọ̀ a máa súnkì. Fi amọ̀ kan náà ṣe ọ̀pá kékeré kan, fa ìlà sẹ̀ǹtímítà 10 sí i lára, sun ún, kí o tún ìlà náà wọ̀n. Tiwa di 9.2, nítorí náà a fi 0.92 pín ìwọ̀n méjèèjì. Pátákó tútù wá di 47.8 sí 33. Ẹni tó bá fo ìdánwò yìí, férémù rẹ̀ ni yóò sọ fún un.

Amọ̀ kílò 8, àpáàdì gígún kílò 2 tí a fi asẹ́ gààrí sẹ́. Bí kò bá sí àpáàdì, omi inú amọ̀ tó nípọn báyìí kì í rí ọ̀nà jáde, á sì là.

Ọ̀sẹ̀ kejì: aṣọ

Ibí ni iṣẹ́ wà. Aṣọ Demeter wúwo, ìlà rẹ̀ tọ́ wá sílẹ̀ bí ara òpó. Ti Persephone fẹ́lẹ́, ìlà rẹ̀ wẹ́wẹ́, ìborùn rẹ̀ sì gba ara rẹ̀ kọjá. Irinṣẹ́ kan náà la kọ́kọ́ lò fún méjèèjì, àfi bí ẹni pé wọ́n jọ ra aṣọ náà lọ́jà kan ni. A pa á rẹ́, a fi ìdí ìrù ṣíbí fa ti ìyá, a fi igi ìtayín fa ti ọmọ.

Ohun tó yọ jù lọ lójú pátákó kò ju sẹ̀ǹtímítà 1.2 lọ. Ọwọ́ tó wà níwájú ni kí o fún ní gbogbo rẹ̀, má ṣe fún ikùn. Gé abẹ́ etí ara wọlé díẹ̀ kí òjìji lè jókòó síbẹ̀, àmọ́ tó bá kọjá mìlímítà 3, etí náà á jábọ́ nígbà tó bá ń gbẹ.

Ọ̀sẹ̀ kẹta sí ìkarùn-ún: gbígbẹ àti sísun

Igun kan gbé sókè ní mìlímítà 4, nítorí pé ojú òkè ń gbẹ ju ìsàlẹ̀ lọ. A gbé pátákó sórí igi tẹ́ẹ́rẹ́ kí afẹ́fẹ́ lè gba abẹ́ rẹ̀, a fi aṣọ tútù bo etí rẹ̀, a sì fi ọ̀rá náílọ́ọ̀nù bò ó. Igun náà rọlẹ̀. Nígbà tí amọ̀ ti ń le ṣùgbọ́n tí èékánná ṣì lè wọ̀ ọ́, a gbẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ títí ó fi ku sẹ̀ǹtímítà 1.5.

Ọjọ́ yẹn náà la lu ihò mìlímítà 2 sí ọwọ́ ọ̀tún Demeter. Má ṣe sun wáyà mọ́ ọn nínú: amọ̀ á súnkì, bàbà kò ní súnkì, ìka á fọ́.

Sísun: wákàtí mẹ́fà láìkọjá 90°C. Lẹ́yìn náà, láti 500 dé 650°C, má ṣe ju 60°C lọ ní wákàtí kan, torí yanrìn inú amọ̀ a máa wú lójijì ní 573°C. Gbé e dé 950°C. Má ṣí ààrò títí yóò fi tutù.

Ọ̀sẹ̀ kẹfà: ọkà

Ọwọ́ Demeter lára òkúta ṣófo lónìí. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ irin tàbí ọ̀dà ni wọ́n fi ṣe ọkà náà, tó sì ti lọ. Àlìkámà ni àwọn aláwòkọ sábà máa ń fi síbẹ̀. Báálì la mú. Ilẹ̀ Attica, agbègbè tí Áténì àti Eleusis wà, gbẹ, báálì ló sì mọ̀ ọ́n fara dà. Nínú òfin àkọ́so tí wọ́n gbẹ́ sára òkúta fún Eleusis, báálì ló ṣáájú: ìdá kan nínú 600 báálì, ìdá kan nínú 1,200 àlìkámà.

Igi ọkà jẹ́ wáyà bàbà mìlímítà 1.5, irùngbọ̀n rẹ̀, ìyẹn irun gígùn tó yọ lára ṣírí, jẹ́ 0.5. Fi wáyà sínú iná títí yóò fi pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, rì í sómi, kí o tó fi òòlù lù ú. Tó bá tún le, dá a padà sínú iná, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á dá. Owó fàdákà àtijọ́ ìlú Metapontum fi ṣírí báálì hàn kedere, ó dára fún kíka hóró àti irùngbọ̀n, ṣùgbọ́n tirẹ̀ tọ́ ṣánṣán. Báálì tó gbó a máa tẹ orí ba, nítorí náà a tẹ ọrùn tiwa.

Ẹnìkan dábàá pé kí a fi obìnrin mẹ́rin ṣe etí férémù, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ìgbà kan nínú ọdún. Ti àwọn ará Róòmù nìyẹn. Ní Áténì àtijọ́, òòṣà ìgbà méjì ni wọ́n ń bọ, Thallo tó ń mú ewé rú àti Karpo tó ń mú èso gbó; àwọn méjèèjì náà ni yóò wà níbẹ̀.

Ṣírí kejì ṣì fi mìlímítà 3 gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ. A ó gé irùngbọ̀n rẹ̀ kí a tó ta gọ́ọ̀mù sínú ihò.