Róòsì tó ń bolẹ̀, àti ohun tí ẹ̀gúsí bàbá mi kọ́ mi

Iwájú ilé wa ní Abbey Wood, ní London, dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Láti ẹnu ọ̀nà wa títí dé etí títì kò ju mítà méjì àbọ̀ lọ, àmọ́ ó fẹ̀ tó mítà mẹ́fà. Koríko la bá níbẹ̀ nígbà tá a kó dé. Ọdún méjì ni Bàbá Tòmíwá fi ti ẹ̀rọ ìgékoríko gun ibẹ̀ ní gbogbo Sátidé, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń yọ̀, tó ń bínú. Lọ́jọ́ kan ẹ̀rọ náà já bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, ó yí lọ bá mọ́tò aládùúgbò. Kò ha á lára, ọpẹ́ ni. Àmọ́ ọjọ́ yẹn ni mo sọ pé koríko ti tó gẹ́ẹ́.

Ibi tí wọ́n ń páàkì mọ́tò sí níbi iṣẹ́ mi ni mo ti kọ́kọ́ rí róòsì yìí. Iṣẹ́ òru ni mò ń ṣe, aago méje àárọ̀ ni mo máa ń jáde, ojú á ti ṣú mi, àmọ́ òdòdó funfun wọ̀nyẹn á kàn tú bọ̀ọ̀lọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Kò sẹ́ni tó ń tọ́jú wọn. Oṣù Kẹwàá pàápàá, wọ́n ṣì ń rúdi. Mi ò mọ̀ pé róòsì lè sùn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Èyí tí mo mọ̀ ni ti ojú káàdì ìgbéyàwó, tó nàró gangan bíi sójà.

Kent ni wọ́n ń pe irú tó wà níbẹ̀. Orúkọ agbègbè tó múlé gbè wá ni, àmọ́ ìdílé Poulsen ní Denmark ló mú un jáde. Kì í ga ju ìdajì mítà lọ, ṣùgbọ́n ó máa ń fẹ̀ tó bíi mítà kan. Òmíràn tún wà tí òkìkí rẹ̀ kàn jù bẹ́ẹ̀ lọ, èyí tí Werner Noack mú jáde ní Jámánì: Heidetraum ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, Flower Carpet ni wọ́n fi ń tà á níbí. Àwọ̀ rẹ̀ ti pọ́n jù fún mi. Funfun ni mo fẹ́.

Ní ìgbà ìrúwé 2019, mo ra ẹsẹ̀ méje nínú ìkòkò. Ẹni tó tà á fún mi ní róòsì náà fúnra rẹ̀ á bo ilẹ̀, kò ní jẹ́ kí èpò hù. Mo gbà á gbọ́. Mo gbẹ́ ihò méje sáàárín koríko, mo rì wọ́n sí i, mo wolé lọ sùn.

Kí oṣù Keje tó pé, èpò ti bo róòsì. Èyí tí wọ́n ń pè ní bindweed ti lọ́ mọ́ wọn lọ́rùn, koríko tí wọ́n ń pè ní couch grass sì ti gba abẹ́ gbòǹgbò wọn kọjá. Ẹ̀yin tẹ́ ò bá tíì fọwọ́ tu èpò láàárín ẹ̀gún róòsì, ẹ má gbìyànjú ẹ̀. Ìbọ̀wọ́ ò ràn án.

Ibi tí mo lóṣòó sí, tí ẹ̀jẹ̀ ń ṣẹ̀ ní apá mi, ni mo ti rántí oko bàbá mi ní Ìpetumodu. Bàbá máa ń gbin ẹ̀gúsí sáàárín àgbàdo kó lè bo ilẹ̀. Àmọ́ kí ó tó sọ ẹ̀gúsí sílẹ̀, wọn á ti ro ibẹ̀ mọ́ tónítóní. Tí ẹ̀gúsí bá sì ń hù bọ̀, wọn á tún un ro lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ó tó nawọ́ kárí. Ẹ̀gúsí kì í pa èpò tó ti rí ilẹ̀ jókòó. Èyí tó fẹ́ wá jókòó lẹ́yìn ló ń dí lọ́nà. Mo ti mọ èyí láti kékeré, ó wá di pé mo dé London, mo gba ọ̀rọ̀ ọlọ́jà gbọ́.

Mo bá hú gbogbo rẹ̀. Gbogbo oṣù Kẹsàn-án ni mo fi kọ ilẹ̀ náà, tí mò ń ṣa gbòǹgbò funfun èpò yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan, torí ègé tí kò ju ìka lọ ó tún máa hù ni. Mo fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, àwọn tó kù yọjú, mo tún hú wọn. Ní oṣù Kọkànlá, mo ra ogún ẹsẹ̀ sí i, èyí tí kò sí nínú ìkòkò, tí gbòǹgbò rẹ̀ wà ní ìhòòhò. Ó dínwó dáadáa, ìgbà òtútù nìkan ni wọ́n sì ń tà á. Bàbá Tòmíwá wò ó, ó ní, “Igi ìdáná lo sanwó fún yìí?”

Mo rẹ wọ́n sínú omi mọ́jú. Ilẹ̀ wa, amọ̀ ni, nítorí náà mo po ìgbẹ́ ẹṣin tó ti jẹrà dáadáa mọ́ ọn. Ibi tí wọ́n ti lọ́ igi náà mọ́ gbòǹgbò, mo rí i pé erùpẹ̀ bò ó díẹ̀. Mo fi nǹkan bí ọgọ́rin sẹ̀ǹtímítà sáàárín wọn, mo sì mọ ebè kékeré bí oṣù lé sí ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí omi má baà ṣàn lọ sí títì.

Ẹ̀kúnwọ́ lẹ́búlẹ́bú egungun tí mo fi sínú ihò kọ̀ọ̀kan ni àṣìṣe mi. Nígbà tí mo tibi iṣẹ́ dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mẹ́sàn-án ti wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ lójú títì. Bàbá òyìnbó ẹ̀gbẹ́ wa ló rẹ́rìn-ín tó ṣàlàyé fún mi: kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ti gbóòórùn egungun, ó rò pé òkú ẹran la sin síbẹ̀. Mo tún wọn gbìn, mo tẹ́ nẹ́ẹ̀tì onírin lé e títí ọdún fi yí, mo sì kó èèpo igi bo gbogbo ilẹ̀ tó ṣófo, ó nípọn tó ìka mẹ́rin. Láti ìgbà náà, ajílẹ̀ oníhóró tí wọ́n ń tà fún róòsì ni mò ń lò, lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún: ìparí oṣù Kẹta, àti lẹ́yìn òdòdó àkọ́kọ́.

Iṣẹ́ tó kù ò le. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹta, mo máa ń fi àlùmọ́gàjí ńlá tí wọ́n fi ń gé ọgbà gé gbogbo rẹ̀ sí nǹkan bí ọgbọ̀n sẹ̀ǹtímítà, láìwo ojú ẹ̀ka kankan. Mo máa ń ṣa ewé tó bá ní àmì dúdú, mo ń kó o dànù, kì í ṣe sínú ààtàn ọgbà. Mi ò fín oògùn sí kòkòrò wẹ́wẹ́ aláwọ̀ ewé. Àwọn ẹyẹ ń jẹ wọ́n. Ọdún méjì àkọ́kọ́ ni mo fi pọn omi, ìdí igi ni mò ń dà á sí, kì í ṣe orí ewé. Nígbà tí ooru oṣù Keje 2022 kọjá ìwọ̀n ogójì ní ilẹ̀ yìí, koríko gbogbo àdúgbò gbẹ bí ẹni yan án. Òdòdó tiwa rẹ̀ dànù, àmọ́ ewé ò kú.

Ọdún yẹn ni Màámi wá kí wa. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n wò ó fún ìgbà pípẹ́. Àgbàlá tí wọ́n ń gbá títí ilẹ̀ fi ń dán ni Màámi mọ̀ sí àgbàlá.

“Ejò ńkọ́?”

“Màámi, kò séjò níbí o.”

“Hùn. Kí ni wọ́n ń jẹ lára ẹ̀?”

“Wọn kì í jẹ ẹ́, mà.”

Wọ́n mirí. Àmọ́ Màámi ló rí àléébù tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi nígbà tí mò ń rà á: gbogbo ọ̀rá àti páálí tí afẹ́fẹ́ bá gbé gba títì kọjá, inú ẹ̀gún yẹn ló ń há sí. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo tibi iṣẹ́ dé, mo bá Màámi lórí ìdúró, ìró wà lára, ẹ̀mú tí mo fi ń yí ẹran lórí iná wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n ń fi yọ ọ̀rá bíṣíkíìtì kúrò lábẹ́ róòsì. Mi ò tíì ra ẹ̀mú ẹran mìíràn.